Ìkòkò Irú Tí A Gbé Kúrò Lórí Iná

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní "Má-san-án" ní abúlé wa lẹ́bàá Òmù-Àrán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga ni, mi ò níṣẹ́, ẹnu nìkan ni mo ní. Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń wàásù tèmi: mo ní ìjọba tó bá ń fi kóńdó gba owó orí, olè ni, mo ní bí nǹkan bá dára, ẹ bẹ èèyàn, yóò san, ẹ má fipá gbà á. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn agbowó-orí ti gba òṣùwọ̀n ìyá mi lọ́jà rí, lójú mi, wọ́n sì da gààrí rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Opó kan tó ń se irú ládùúgbò wa nìkan ló máa ń dúró gbọ́ mi dópin. Òun náà ló máa ń di irú sínú ewé fún mi nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, kò sì gba kọ́bọ̀ rí.

Nígbà tó yá, tiransifọ́má wa jó. Iná ń ti ilé-iṣẹ́ mànàmáná Ganmo kọjá lórí wa, àwa wà nínú òkùnkùn. Ìlú wá bu owó tiransifọ́má tuntun lé ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbà á. Áà, inú mi dùn! Mo ní èyí kì í ṣe owó orí, owó ìlú ni, gbogbo wa la jọ fẹnu kò. Ta ló bi ìyá onírú bóyá ó fẹnu kò síbẹ̀? Èmi kọ́. Àṣà wa sì ni pé ilé tí kò bá san, a ó wọlé, a ó gbé ohun tọ́wọ́ bá tó, títí ẹlẹ́rù á fi wá gbà á.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí, ìkòkò irin ńlá rẹ̀ wà lórí iná, irúgbá ti ń hó nínú rẹ̀ láti ìdájí. Ẹni tó bá mọ irú mọ̀ pé bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ láìjinná, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí a dáná ọ̀sẹ̀ kan sí i, kò ní rọ̀ mọ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ mi, mi ò ní mi ò san," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó jinná. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, n ó mú un wá fún yín."

Ọ̀kan nínú wa ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ gbé e."

Wọ́n da irúgbá sínú koríko. Ìyá ò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ náà?"

"Màmá, tìlú yàtọ̀," mo fèsì. Ẹ ò rí ọlọ́gbọ́n! Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ, mi ò mọ̀ pé tèmi ni.

Lọ́jọ́ ọjà, ó mú owó wá pé, bó ṣe wí. Ibi tó ti rí i, mi ò mọ̀. Mo ní kó máa gbé ìkòkò rẹ̀ lọ. Ó ní, "Owó lẹ bèèrè, mo ti mú un wá. Ẹ máa fi ìkòkò se ìrẹsì ìpàdé yín." Kò se irú mọ́ láti ọjọ́ náà. Iná dé, gílóòbù tàn lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ náà, gbogbo ìlú ń yìn mí, ojú sì ń tì mí láti gba ibẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Ìlọrin báyìí. Kí owó oṣù tó dọ́wọ́ mi, wọ́n ti yọ owó orí kúrò, mi ò sì janpata. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Mo ṣì gbà pé kò yẹ ká fipá gba tọwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ sàn jù mí lọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí i. Ó ti darúgbó gan-an. Ó gbé iyán fún mi, ó ní irú tí wọ́n gbé wá láti Òkè-Ọdẹ ni wọ́n fi se ọbẹ̀ náà, rírà ni. Ọ̀rọ̀ "Ẹ dárí jì mí" ti dé orí ahọ́n mi. Mo fi òkèlè gbé e mì.

"Ó dùn, Màmá," ni mo sọ.

Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́sí. "Irọ́ ni," ó ní. "Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Mo sì jẹ ẹ́ tán.