Òpó Kò Ṣe Nǹkan Kan

Èmi ni mẹ́gádì gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́nu géètì, mo sì mọ̀ ọ́n jókòó dáadáa. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí mi ò ní sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí mo sọ ní Òpó. Mi ò fi yìn ín. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Láàárọ̀, á bá wọn ru bébà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, á wá sí ìdánrawò.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Òpó, ṣé o ti jí?"

Á rẹ́rìn-ín, á kọjá.

Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fúùfù ni wọ́n jọ dé. Ẹ̀fúùfù ń fò! Bí alátakò bá ju bọ́ọ̀lù, á gbá a dànù sáàárín èrò, gbogbo wa á dìde. Òpó kì í fò. Á kàn nawọ́, á máa sún ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá sálúbàtà nínú òkùnkùn.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, kóòṣì ní àyè ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹgbẹ́ fún sáà tó ń bọ̀. Bí Òpó ò bá rí i gbà, bébà ni yóò máa rù lọ.

Kóòṣì dúró lọ́dọ̀ mi. "Bàbá Géètì, ta lẹ rò pé ká mú?"

"Ṣé ìyẹn ń fẹ́ ìbéèrè? Ẹ̀fúùfù ni. Òpó kò ṣe nǹkan kan."

Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀. Òun ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò fún ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà, bí mo tilẹ̀ ń sọ fún èèyàn pé èmi ni. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní bí Òpó bá wà nínú pápá, agbára káká ni alátakò fi ń rí bọ́ọ̀lù jù wọ àwọ̀n. Bó bá jáde, wọ́n á máa jù ú bó ṣe wù wọ́n.

Mo ní, "Àwọn mẹ́rin tó kù ńkọ́? Bóyá àwọn ló ń ṣiṣẹ́, tí òun ń sùn láàárín wọn."

"Mo ti yọ ìpín tiwọn kúrò, Bàbá. Tirẹ̀ ṣì pọ̀. Ẹ̀fúùfù ní tiẹ̀, bó bá fò tí ọwọ́ rẹ̀ ò kan bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan tó gbá dànù lẹ̀ ń rí, ẹ ò rí àwọn tó ń wọlé."

Kóòṣì ní, "Ẹni tuntun ni wọ́n. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú tán, sà. Wọn ò tíì gbá púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo fídíò. Bàbá, ẹ má wo bọ́ọ̀lù o. Ẹni tí Òpó ń ṣọ́ ni kẹ́ ẹ wò."

Ojú mi fẹ́ sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí ajá tó rí egungun. Mo dì í mú. Ọkùnrin náà yà sí ọ̀tún, Òpó ti wà níbẹ̀. Ó yà sí òsì, Òpó ti ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin náà wòkè, ó wolẹ̀, ó dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó fún un.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló ń sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wò mí. "Bàbá, látìgbà tẹ́ ẹ ti wà ní géètì yìí, olè mélòó lẹ ti mú?"

"Olè wo? Olè kan ò débí rí!"

Kóòṣì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo wá ibi tí mo máa fojú sí. Kọ́kọ́rọ́ géètì ni mo rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Bàbá Géètì, ta ni ká mú o?"

"Ẹ mú Òpó. Bẹ́ ẹ bá lé e, ẹ máa ní láti lé èmi náà."

Òpó ló gba àyè náà. Mi ò yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo kàn ń sọ fún èèyàn pé mo fi yìn ín látilẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù, mo wọlé lọ wò ó. Mo ń pariwo, "Ẹ wo Òpó! Ẹ wò ó!"

Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan!"

Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò ti géètì.