Ìyá Igi Tí Mi Ò Gbé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ìdòwú ní Aramọkọ, kò fún mi ní ayùn, kò sì fún mi ní òòlù. Igi gbọọrọ kan ló gbé lé mi léjìká, ó ní kí n gbé e yí ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rò pé ó ń fìyà jẹ mí ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, “Ó wúwo?”

“Ó wúwo, sà.”

“Ìyá ni o gbé yẹn. Ọjọ́ tó bá sú ẹ láti gbé e, ọjọ́ yẹn ni kó o padà sílé bàbá ẹ.”

Ẹni tí kì í ṣe káfíńtà lè má mọ ohun tí à ń pè ní ìyá. Bí a bá fẹ́ kan òrùlé, àwọn igi kan máa ń dà gẹ̀rẹ́ láti orí ògiri lọ pàdé ara wọn ní téńté. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. A ó kọ́kọ́ fi téèpù wọn ẹyọ kan, a ó gé e dáadáa, a ó fi ẹfun sàmì sí i lára. Òun ni ìyá. Ìyá la ó máa gbé lé àwọn igi yòókù lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó fi pẹ́ńsù fa ibi tí ayùn máa gbà. Àwọn yòókù ni ọmọ. Èèwọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ni pé a kì í fi ọmọ wọn ọmọ. Ìlà pẹ́ńsù tín-ín-rín ló máa lé sí ọmọ kìíní, ó di ìlà méjì lára ọmọ kejì, nígbà tó bá fi dé ogún, igi ti gùn ju ìyá lọ ní ìka mẹ́ta. Ìyá ló sì máa ń gun òrùlé kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ọmọ bá ti gòkè tán.

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà: èmi Ṣọlá, Káyọ̀, àti Dáre. Káyọ̀ lẹ́nu, Dáre lójú. Dáre lè dúró lójú títì kó wo pákó tó wà nínú ọgbà, kó sọ fún ẹ pé ó wọ́. Mi ò kàwé lọ títí, òun ló máa ń bá mi ka ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí ìṣó. Orí ẹní kan la ń sùn. Abọ́ kan la ń jẹ, bí Káyọ̀ bá gbà wá láyè.

Ó ku oṣù méjì ká gba òmìnira, èyí tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fúrídọ̀mù, tí ọ̀gá á gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, tí á sì gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú ẹbí. Ilé bàbá olóko kòkó kan ní Erijiyan là ń bò lọ́wọ́. Ọ̀gá lọ wá páànù. Ó fi àmì sísà sọ́wọ́ Dáre, ó fi ayùn sọ́wọ́ mi. Káyọ̀ wà lórí ògiri, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ibà gbé Dáre, ó ń gbọ̀n.

Mo ní, “Lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Màá bá ẹ sàmì ìyókù.”

“Ọ̀gá ò gbọdọ̀ gbọ́ o.”

“Ta ló máa sọ fún un?”

Títí dé ibẹ̀, oore ni mo ń ṣe.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá wà nínú ẹrẹ̀, ó ti mu omi yó. Mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo wo igi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó wà níwájú mi níbẹ̀, kò wúwo tó ìyá. Mo fi wọn èyí tó kàn. Mo tún fi ìyẹn wọn òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí igi fi tán. Mi ò ní ibi lọ́kàn. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Àwọn igi dà pọ̀ mọ́ra wọn nílẹ̀, bí wọ́n ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ la ṣe ń gbé wọn sókè. Nígbà tí Ọ̀gá dé tó ta okùn sí téńté, òrùlé ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá olóko kòkó jáde, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

“Ìdòwú, ilé ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi bò. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé òkè Ẹ̀fọ̀n wá síbí?”

Àwọn tó ń kọjá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹnì kan ti fi ọmọ wọn ọmọ. Ta ló sàmì?”

Dáre ní, “Èmi ni, sà.”

Kò dárúkọ mi. Èmi náà ò dárúkọ ara mi.

Nígbà tí à ń ṣan ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wa, ó rọra bi mí pé, “Ṣọlá, ìyá lo lò, àbí?”

“Ìyá ni.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ṣé mo máa purọ́ fún ẹ ni?”

Ó mi orí. “Á jẹ́ pé èmi ni. Ọmọ ni mo ti ní láti gbé nínú ibà yẹn tí mo pè é ní ìyá. Òjò ti fọ ẹfun ara ẹ̀ dànù.”

Ó gbà mí gbọ́. Ì bá ti sàn kó gbá mi létí.

A tú gbogbo òrùlé náà, a tún un kàn. Ọ̀gá ní Dáre á fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti Káyọ̀ kúnlẹ̀ gba òmìnira, Dáre ló ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri fún àlejò. Ó gbé tèmi wá, ó ní, “Ire á kárí, ọ̀rẹ́ mi.” Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti lọ. Wọ́n ní ó gba ọ̀nà Kùtọnu.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ Odò-Ọwà kan tó ń kọ́lé ní Lomé ránṣẹ́ wá pé káfíńtà láti ilé lòun fẹ́. Orúnkún ti ń da Ọ̀gá láàmú, ó ní kí n lọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Mi ò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí. Láti Aramọkọ dé Adó, láti Adó dé Èkó, láti Èkó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, mo di irinṣẹ́ mi mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Káyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu láti bí ọdún mẹ́ta. Ó wá pàdé mi ní gáréèjì, ó fò mọ́ mi.

“Ẹ wò ó bó ṣe sanra! Ṣé igi lò ń kàn ní Aramọkọ ni, àbí iyán lò ń gún?”

Ó fi Faransé bá onímọ́tò kan jà nítorí mi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá ó sọ ọ́ dáadáa. Mo ní kó bá mi lọ sí Lomé, ká jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ó gbà. Nígbà tí a jókòó jẹun ló wá sọ ọ́ bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ lásán: “Dáre wà ní Lomé. Ọ̀kadà ló ń gùn.”

“Dáre? Ọ̀kadà?”

“Ó ní òun ò fọwọ́ kan ayùn mọ́ láéláé.”

Oúnjẹ wà níwájú mi nígbà yẹn. Mo tì í sọ́dọ̀ Káyọ̀.

Dáre fi ọ̀kadà rẹ̀ wá pàdé wa nígbà tí a dé Lomé. Ó ti rù díẹ̀, ó ti hu irùngbọ̀n. Kó tó sọ̀kalẹ̀ ló ti ní, “Báwo ni ulé?” Ulé, bí a ṣe ń pe ilé ní Aramọkọ. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi rìn nínú èdè tí mi ò gbọ́, mi ò mọ̀ pé etí mi ń wá ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dì mọ́ mi pẹ́. Ó kó wa lọ jẹun, wọ́n gbé iyán wá, iyán gidi, wọ́n ń pè é ní fùfú. Káyọ̀ dìde.

“Kí ni wọ́n pè é?”

Dáre ní, “Jókòó jàre. Mo jà títí, ó rẹ̀ mí.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ti ojú mi, ẹ̀rín nìkan kọ́.

Ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ òrùlé, Dáre yà wò wá láàárọ̀. Mo na téèpù sí i. Mo ní, “Ìwọ lojú ẹ mú jù nínú wa. Bá wa gé ìyá.”

Ó fà sẹ́yìn bí ẹni rí iná. “Rárá o. O ti gbàgbé Erijiyan ni? Ẹni tí ò lè mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ, ṣé irú ẹ̀ ló yẹ kó máa kan òrùlé sórí èèyàn?”

Mo wá rí i pé ọdún mẹ́fà gbáko ló ti fi ń gbé irọ́ mi kiri. Bí mo bá sọ ọ́, mo lè pàdánù òun àti Káyọ̀ níbi kan náà. Bí mi ò bá sọ ọ́, kò ní di káfíńtà mọ́ láyé. Mo kúnlẹ̀ sórí èérún pákó tó wà nílẹ̀.

“Dáre, ìyá lo lò. Ohun tó o lò dáa. Èmi ni mo fi ọmọ wọn ọmọ nígbà tó o lọ dùbúlẹ̀. O bi mí, mo purọ́.”

Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí wọn padà. “Mo bi ẹ́,” ó ní. “Mo bi ẹ́, Ṣọlá.” Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Adìẹ ń ké nínú àgbàlá rẹ̀ nígbà tó bi mí pé:

“Nígbà tí ọmọ yẹn ní òun ni, o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, sà.”

“O wà níbẹ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Káyọ̀ tí kì í dákẹ́ ń bá mi ṣiṣẹ́ láìsọ̀rọ̀. A to pákó, a kò fọwọ́ kan òrùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Dáre dé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀.

“Ọ̀gá pè mí,” ó sọ fún Káyọ̀, kò wò mí. “Ó ní òun ti dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀. Mo ní, ‘Ẹ dìde, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.’ Ìyàwó ẹ̀ gba fóònù, ó ní lóòótọ́ ló dọ̀bálẹ̀ o, pé ẹni tó máa bá àwọn gbé e dìde làwọn ń wá báyìí, orúnkún ò gbé e mọ́.”

Káyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dáre náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe la ẹnu tèmi báyìí, ó yíjú sí mi.

“Ìwọ má tíì rẹ́rìn-ín.”

Mo pa ẹnu dé.

“Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí ẹ. Gbé igi wá.”

Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gé e. Ó kọ́kọ́ fa ayùn díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kó máa lọ. Ó fi ẹfun sàmì sí i, ó tọ́ka sí èjìká mi. Èmi nìkan ni mo gbé ìyá láti orí igi kan dé orí èkejì, lẹ́ẹ̀méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn Lomé ń sun mí. Káyọ̀ nawọ́ kó ràn mí lọ́wọ́.

Dáre ní, “Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó gbé ìyá ẹ̀.”

Lọ́jọ́ tí a parí, èmi àti Dáre la jọ gbé ìyá gòkè kẹ́yìn. Ó kàn án, ó ta okùn. Ó dojú kọ téńté òrùlé náà, ó di ojú kan, ó wò ó títí. Okùn ò fò, kò wọ́.

“Ojú mi ò burú,” ó ní, bí ẹni ń bi ara rẹ̀.

“Kò burú rí,” mo ní.

Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn ọrùn, ó fi í síbẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Aramọkọ, Ọ̀gá ò bá mi jà. Ó tiro wọ yàrá, ó gbé òòlù tuntun kan jáde, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Irin gbígbóná ni wọ́n fi kọ orúkọ Dáre sí i léèkù. Ó ti ṣe é sílẹ̀ fún ọjọ́ òmìnira wa kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́, kò sì lè fún ẹlòmíràn. Mo pe Dáre pé màá fi rán awakọ̀ sí i.

“Má fi rán ẹnikẹ́ni,” ó ní. “Kí ẹnikẹ́ni má sì fi kan ìṣó. Mò ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ Ọ̀gá fúnra mi.”

Orí ògiri ṣọ́ọ̀bù ni Ọ̀gá gbé òòlù náà kọ́ sí dè é, níbi tí a ti ń rí i bí a bá ń wọlé. Mo ti ń dá iṣẹ́ gbà nísinsìnyí, àwọn kan sì ń pè mí lọ́gàá. Wọ́n ní ọ̀gá kì í ru igi. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ìyá. Ó ṣì wúwo.