Omi Àkọ́sè

Ìyá àgbà ń gún èèpo igi lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi. Lásìkò ìjọba ológun yẹn ní Ṣábẹ̀ẹ́, rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé wọ́n ń mú àjẹ́, ọkàn arúgbó tó ń ta àgbo kì í balẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà kò sá. "Wọlé, kàmáráàdì! Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá mú mi?" Orúkọ tí ìjọba ní ká máa pe ara wa nìyẹn, kàmáráàdì.

Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ rẹ́rìn-ín. Yunifásítì ní Kútọnu ló ti wá. Ó ti gba èèpo lọ́wọ́ ìyá àgbà nígbà kan, èyí tí ìyá àgbà fi ń wo kókó ọmú, kó lè yọ ohun tó lè pa jẹjẹrẹ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá. A wò ó títí, a ò rí nǹkan kan."

Ọmọ odó dúró. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: bí èèpo ò bá lágbára, a jẹ́ pé àjẹ́ ló fi ń wo èèyàn sàn.

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Èmi tí mo sè é fún ọ dáadáa!"

"Ẹ sè é?"

"Ṣé tútù ni n bá gbé fún àlejò? Omi àkọ́sè le, á ba inú ẹ jẹ́. Mo dà á nù, mo wá sá èèpo náà gbẹ fún ọ."

"Níbo lẹ dà á sí?"

Ó fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ ibẹ̀ pá bí orí ọ̀gá iléèwé wa. "Ibí ni mo máa ń dà á sí, koríko kan ò hù níbẹ̀ rí."

Ọkùnrin náà sáré padà síwájú ilé, ó ní ká fún òun ní èèpo tútù, ọtí sódabì àti ẹfun ìkọ̀wé mi.

"Ọtí lo wá wá!" ni ìyá àgbà wí.

Ọkùnrin náà rẹ èèpo gígún sínú sódabì, ó gbé ẹfun nàró sínú rẹ̀. A dúró, òórùn ọtí gba ojúde. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọ̀ ń gun ẹfun náà, tí oníkálukú ń dúró sáàyè rẹ̀: pupa nísàlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè lókè.

"Ohun tí mò ń wá lè wà nínú ọ̀kan nínú wọn," ló wí.

Ìyá àgbà kígbe sáwọn aládùúgbò: "Ẹ wá wo àjẹ́ mi, ó ń gun ẹfun!" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

N kò mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí kókó yọ lọ́mú tèmi, ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ, wọ́n sì gé e kúrò. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Bí dókítà bá ní òun ò rí nǹkan kan, n kì í tètè dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe wò ó?"

Á rẹ́rìn-ín, á tún fi bó ṣe wò ó hàn mí.