Ẹni Tí Wọ́n Bá Nà Ni Kó Pè

Ẹni tó bá ní òun mọ bọ́ọ̀lù wò ju Sànní Ìpakodò lọ, irọ́ ló ń pa, kó tètè lọ tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá gbá góòlù wọlé tí Sànní bá ké, àwọn ẹja inú ọ̀sà a sá lọ sí apá Ìbẹ̀ṣẹ̀, àwọn apẹja ibẹ̀ a sì máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan, igbe rẹ̀ nìkan ló jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ìtàn yìí kù fún yín. Bó ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ náà ni àtúnṣe ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò láti èbúté Ìpakodò lọ sí Èkó. Ọmọ Ejìnrìn ni, níbi tí bàbá wọn ti ń dẹ àwọ̀n kó tó di olóògbé. Ọkùnrin méjì péré ni ìyá wọn bí. Oríyọmí ni ẹ̀gbọ́n, aránṣọ ni ní Ẹ̀pẹ́, ẹgbẹ́ Ṣẹ́lísì ló sì ń tì lẹ́yìn. Sànní ni àbúrò, Ásẹ́nà ni tirẹ̀, òun àti ìpọ́njú.

Ọ̀rọ̀ burúkú kan wà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí. Lọ́dún 2006, lọ́jọ́ tí Ásẹ́nà fẹ́ gbá àṣekágbá ife ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ní Páríìsì, Sànní ò dúró jẹun ọ̀sán kó tó lọ jókòó sí iwájú pátápátá nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìkòròdú. Ó fi fóònù rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba iná sí fóònù lójú títì. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá wọn kú ní Ejìnrìn. Mùsùlùmí kì í dá òkú dúró. Oríyọmí pe àbúrò rẹ̀, ó tún un pè, ó pè é títí ọwọ́ fi ń ro ó. Fóònù ń ké lórí tábìlì onítábìlì, kò sí ẹni tó gbé e. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n gbé ìyá wọlẹ̀. Wọ́n na Ásẹ́nà méjì sí ọ̀kan. Sànní tó ti sunkún ife lọ gba fóònù rẹ̀, ó sì rí i pé ẹkún òun ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó dé Ejìnrìn lọ́jọ́ kejì, Oríyọmí ò jẹ́ kó jókòó. Lójú gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́: "Ẹ bá mi kí i káàbọ̀ o. Bọ́ọ̀lù tó lọ wò, ṣé òun ló fún un lọ́mú?"

Sànní lọ síbi tí wọ́n sin ìyá sí. Ó wo ilẹ̀ ibojì tó ṣì tutù, ó yí padà, ó wọ ọkọ̀. Ọdún méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò pe ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 2008, Ṣẹ́lísì náà dé àṣekágbá ife kan náà, ní Mọ́síkò. Pẹnárítì ló gba ife lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tí rẹfirí fọn fèrè tán ni fóònù Sànní dún.

"Sànní."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n ti nà wá o."

Sànní ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. "Ẹ kú ìyà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé omi kaná, ẹ fi jó ojú ibẹ̀."

"Orí ẹ burú," ni Oríyọmí wí, ó sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin. Ẹni tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kó pè. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò fi Kùránì búra lé e, ṣùgbọ́n òfin ìjọba gan-an ò rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá nà ọ́, o ò gbọdọ̀ pè. Bí Iléyá bá dé, ẹran a gba orí omi láti Ìpakodò lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹja yíyan a gba orí omi láti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ wá sí Ìpakodò, kò ní sí "ẹ kú ọdún" kankan nínú ọ̀rá. Bọ́ọ̀lù tó tú wọn ká náà ló wá di afárá, afárá onípákó kan ṣoṣo, kò sì fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ahọ́n Sànní ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí lórí ọ̀rọ̀ ìyá wa." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ì sọ ọ́ rí. Bí wọ́n bá ti na Ásẹ́nà, á sọ fún ìyàwó rẹ̀, Mùnírátù, pé, "Tòní ni màá sọ ọ́." Á pè. Ẹ̀gbọ́n á bú u, òun náà á dá ẹ̀fẹ̀ padà, wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á gòkè dé ẹ̀yìn eyín, á tún padà sọ́nà ọ̀fun. Ásẹ́nà kúkú ṣe tiwọn. Ìyà tí wọ́n jẹ láàárín ọdún méjìlá yẹn tó láti fi bẹ odidi ìlú kan.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Gíríìkì wá na Ásẹ́nà mọ́lé. Sànní pè. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà..." ni oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù Oríyọmí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ da ọkùnrin yìí lóhùn," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó di ìgbà mìíràn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹta, Ásẹ́nà borí. Ṣẹ́lísì náà borí, mẹ́rin sí òdo. Kò sí ẹni tí wọ́n nà, nítorí náà kò sí ẹni tó pè. Kí ọ̀sẹ̀ mìíràn tó yí po, Kòrónà ti dé, wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró káríayé. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ní kónílé-ó-gbélé.

Àwọn ọkọ̀ Ìpakodò sùn létí omi bí ẹja tó kú. Wọ́n ti ilé ìwòran pa, ewúrẹ́ onílé gba ìjókòó iwájú. Bí ọjọ́ Sátidé bá pé, Sànní á wẹ̀, á wọ aṣọ pupa rẹ̀, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wo ọkùnrin tó ń ka iye àwọn tí àrùn ti mú. Ó tilẹ̀ ń retí kí ẹni náà fọn fèrè. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè kan wà lọ́hùn-ún tí wọn ò tíì dáwọ́ bọ́ọ̀lù dúró. Sànní yí tẹlifíṣọ̀n títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi fẹ́ bó, kò rí i.

"Bàbá Toyyibah," ni Mùnírátù wí, "ẹ kúkú pe Ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè àlàáfíà wọn. Gbogbo ayé ló ń pe ara wọn."

"Wọn ò tíì nà mí."

"Àrùn ń pa èèyàn níta, ẹ ní wọn ò tíì nà yín?"

"Bí mo bá pè lásán, wọn á rò pé nǹkan ti ṣe mí."

Ní àárín oṣù kẹrin, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún. Orúkọ Oríyọmí ló yọ. Sànní fò dìde, ó fi orúnkún gbá tábìlì.

"Sànní, wọ́n ti nà wá o."

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló nà yín, nígbà tí ayé dúró?"

"Ásẹ́nà mà ni. Márùn-ún sí mẹ́ta. Nílé wa. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí."

Sànní rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé Toyyibah, ọmọ rẹ̀, yọjú láti yàrá. Àwọn eré àtijọ́ ni tẹlifíṣọ̀n fi ń dí àfo lásìkò yẹn. "Háà, Ẹ̀gbọ́n! Ti ọdún 2011 nìyẹn! Ẹ ti pè mí lórí ẹ nígbà náà. Ẹ fẹ́ jẹ ìyà kan lẹ́ẹ̀mejì? Kò kà."

"Kò kà?"

"Kò kà o. Òfin ni òfin. Ẹ dúró kí bọ́ọ̀lù padà, ẹ ó ṣì pè mí dáadáa."

Oríyọmí wúkọ́. Ikọ́ náà pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. "Ó dáa," ló wí. "Kò kà nìyẹn." Kò pa fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó wọlé. Lẹ́yìn náà ló pa á.

"Kí ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́?" ni Mùnírátù béèrè.

"Wọ́n ń ṣeré ni."

"Ẹni tó ń ṣeré ló ń wúkọ́ báyẹn? Ẹ pè wọ́n padà."

"Lórí kí ni? Kò sẹ́ni tó nà mí."

Ọjọ́ karùn-ún ààwẹ̀, láàárọ̀, Kúlúsúmù, ìyàwó Oríyọmí, ló pè. Kò kí i rárá. Ó ní, "Bàbá Toyyibah, Ẹ̀gbọ́n yín ti fi wá sílẹ̀."

Sànní sáré dé èbúté. Òun tó mọ gbogbo ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀, kò rí ẹyọ kan tó lè gbé e. Wọ́n ti fi ṣéènì dè wọ́n, ẹ̀ṣọ́ sì wà nídìí wọn. Ó gba ojú títì. Ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó gun ọ̀kadà tó ń sá pamọ́, ó tún fẹsẹ̀ rìn, títí ó fi dé Ìtòkín. Àwọn ọlọ́pàá tó dí ọ̀nà níbẹ̀ ní kó padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kú," ni Sànní wí. "Wọ́n fẹ́ sin ín."

Ọ̀kan nínú wọn fa ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀. "Bàbá, ìwọ lẹni kọkànlá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú láàárọ̀ yìí. Máa lọ sílé."

Ó dúró níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn tó lè yan àgbàdo láìsí iná. Nígbà tí Kúlúsúmù tún pè, ó ní wọ́n ti sin ín, èèyàn méje péré ló kírun sí i lára. Fóònù wà lọ́wọ́ Sànní lọ́tẹ̀ yìí, iná sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Kò sí eré bọ́ọ̀lù kankan láyé tó lè dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, wọ́n sin ín lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ní oṣù karùn-ún, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kúlúsúmù gbé àga fún un nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ti fi aṣọ bò. Sànní béèrè bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n pè yín, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí àyà ti ń dùn wọ́n," ni Kúlúsúmù wí. "Wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bíi kí àwọn gbọ́ ohùn yín. Mo ní kí wọ́n pè. Wọ́n ní rárá, àwọn máa kọ́kọ́ wá ìdí. Bí wọ́n ṣe ń yí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn o, láti àárọ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti na Ṣẹ́lísì. Nígbà tí wọ́n rí i, inú wọn dùn bíi pé àwọn ló borí."

Sànní ò lè gbé ojú sókè.

"Wọ́n ṣí ohùn fóònù síta lọ́jọ́ náà ni. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́," ni Kúlúsúmù wí.

Ó dìde. Ó bu omi fún un. Sànní gbé ife omi náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ní oṣù kẹfà, bọ́ọ̀lù padà. Gbogbo àga pápá ṣófo, ariwo èrò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ. Ásẹ́nà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbá a. Máńṣẹ́sítà Síítì nà wọ́n mẹ́ta sí òdo. Bí fèrè ti dún, Sànní mú fóònù.

"Ta lẹ fẹ́ pè?" ni Mùnírátù béèrè. Sànní ti ń tẹ nọ́ńbà.

Ó dún títí kí Kúlúsúmù tó gbé e.

"Àǹtí," ni Sànní wí, "wọ́n ti nà wá o."

Obìnrin náà bi í pé: "Mélòó?"

"Mẹ́ta sí òdo."

"Ṣé tòní ni, àbí ti àtijọ́?"

"Tòní ni, Àǹtí. Kò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

"Ó kà nígbà náà," ni Kúlúsúmù wí. Ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. "Ẹ kú ìyà."

Ọ̀rọ̀ náà gòkè dé ẹ̀yìn eyín Sànní. Ó lanu. Kò mọ ẹni tí òun fẹ́ sọ ọ́ fún mọ́. Nígbà tí yóò fi pa ẹnu dé, obìnrin náà ti pa fóònù.

Ó ṣì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Ìpakodò. Ó ṣì ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí. Bí wọ́n bá gbá góòlù wọlé, kì í ké. Àwọn apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ ti pa àwọ̀n wọn tì, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí ẹja ò wá sí ọ̀dọ̀ àwọn mọ́.