Ibi Tí Ọṣẹ Ti Hó

Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ohun tí owú jíjẹ fi ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Agége lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe. Èmi àti Wasiu la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá, a jọ gba fíríìdọ̀ọ̀mù, a ò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ o! Bọ̀ọ̀dá ni Wasiu ń pè mí. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ gidi bá dé, "Wasiu dà?" ni Ọ̀gá máa ń sọ. Ojú Ọ̀gá ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì ti ní àwọn máa fa kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ èmi, ṣé ẹ máa rí oorun sùn?

Àfi bí Alhaji kan tó ń fi tírélà kó màálù wá sí Oko Ọba ṣe gbé páìpù tọ́bò rẹ̀ padà wá. Páìpù yìí ló ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. A ti jó fílánjì mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń de bóòtù mọ́. Ọ̀gá fúnra wọn ló jó ọ̀kan, Wasiu jó èkejì. Alhaji ní ó ń súfèé, ọkọ̀ ò fà mọ́, èéfín dúdú ló ń tú. Kí n tó lanu, Wasiu ti ní kí wọ́n má bínú, pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe ti wá, kí wọ́n padà wá nírọ̀lẹ́.

Inú mi dùn! Kí ni mo fẹ́ fi bò? Mo ní lónìí ni wọ́n máa mọ ẹni tó mọṣẹ́ nínú wa.

Wasiu fẹ́ rọra gbé páìpù náà lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ká dán an wò lójú Ọ̀gá. Mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì àti irin dí ẹnu méjèèjì, mo de bóòtù wọn le, mo lọ fa rọ́bà kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń fẹ́ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo wá po omi ọṣẹ, torí ibi tí atẹ́gùn bá ti ń jò ni ọṣẹ ti máa hó, mo dà á sórí fílánjì ti Wasiu. Kò hó. Mo tún da òmíràn. Kò hó náà ni.

Ìgbà tó ṣàn dé apá kejì ni ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaya. Fílánjì Ọ̀gá ni! Iná ti jẹ́ kó wọ́, torí wọn ò de é mọ́ irin tó nípọn kí wọ́n tó jó o, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló kọ́ wa pé ká máa dè é. Mo wo ojú Wasiu. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣé ó ti pẹ́ tó ti ń bá Ọ̀gá tún iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èmi sì rò pé ojú ayé ló ń ṣe.

Ọ̀gá sún mọ́ wa, wọ́n ń ṣẹ́jú. "Ó ti hó? Apá ta ni?"

"Tèmi ni, sà," Wasiu dáhùn.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ohun tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn, kí n sọ lójú Ọ̀gá pé Wasiu ló ba iṣẹ́ jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo sọ. Kò dùn lẹ́nu mi rárá.

Ọ̀gá na ọwọ́, wọ́n fi ìka wá ibi tó ń hó títí wọ́n fi rí i lára fílánjì tiwọn gan-an. Wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lápò, wọ́n sì nà án sí Wasiu.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi fi ọwọ́ òsì júwe, mo tún da omi ọṣẹ sí i! Owú náà ò sì tíì tán, kí n má parọ́. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Wasiu ni mò ń jowú. Ní báyìí, inú rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti jowú rí, tẹ́ ẹ wá rí ìdí tó fi jù yín lọ? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan ni ojú ń tì.