Gíráíńdà Tí Títílayọ̀ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Yàn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Títílayọ̀, ẹ pè é ní obìnrin tó ń ṣe bí ọkùnrin. Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, olùkọ́ ni ní Ìlọrin, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Íńtírò Tẹ́ẹ̀kì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí i, ìdí igi ni ó sì ti tọ́ ọ dàgbà. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, abẹ́ páànù kékeré kan lẹ́yìn ilé wọn ní Adéwọlé ni ẹ ó ti bá a, tí ó ń kan àpótí ìjókòó, tí ó ń tún ilẹ̀kùn tó wọ́ ṣe. Kì í tà wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń fẹ́ iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kó ẹ̀gàn bá a. Bí ṣísẹ́ẹ̀lì tó fi ń gbẹ́ igi bá kọlu ìṣó tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ́, àfi kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan nítòsí Post Office tí ó ní gíráíńdà, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ní òkúta roboto méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n fi ń pọ́n irin. Wẹ́dà yìí kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. "Ẹ gbé e wá, màmá, kó má lọ gé yín lọ́wọ́." Gé ta ni lọ́wọ́? Ẹni tó ti ń fi irin gbẹ́ igi kí wọ́n tó bí wẹ́dà! Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe? Á gbé irin fún un, á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1992, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Òun yóò ra tòun, kékeré, olówó pọ́ọ́kú, tí òun yóò máa lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà mọ́ òun lọ́wọ́.

Jídé ọkọ rẹ̀ ní òun yóò bá a lọ. Akọ̀wé ìjọba ni Jídé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó lawọ́, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfági àti ayùn. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wọ̀ ní Táíwò Road. Ọkọ ni olùtajà kí, ọkọ ni ó fa àga fún.

"Alhaji, ẹ káàbọ̀ o. Irú èwo la fẹ́ rà?" Àhmádù ni orúkọ olùtajà náà.

"Èmi ni mo fẹ́ rà á," Títílayọ̀ dáhùn.

"Kò burú, mọ́dáàmù. Alhaji, ẹ wo eléyìí." Ó nawọ́ sí gíráíńdà ńlá kan, tòkunbọ̀, aláwọ̀ ewé. "Wallahi, ọmọ-ọmọ yín á lò ó. Ìlú òyìnbó gangan ló ti wá."

Jídé gbé e wò, ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá ti wúwo ti dára nìyẹn. Títílayọ̀ kò gbé nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka àkọlé tó wà ní ìdí ẹ̀rọ náà. Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, tí agbára rẹ̀ kò ju ìdajì tiwa lọ. Bí a bá kì í bọ iná ilé wa, èéfín ni yóò fi dáni lóhùn. Ó ní kí wọ́n tú òkúta rẹ̀ kan sílẹ̀. Ó fi ìka gbé e kọ́, ó fi igi kékeré gbá a pẹ́. Òkúta tó bá pé máa ń dún bí agogo ni. Eléyìí dún bí ìgbà tí a gbá páálí. Ó ti sán nínú, òkúta tó bá sì sán, nígbà tó bá ń yí lọ́wọ́ ni yóò fọ́, ojú ẹni tó dúró tì í ni yóò sì wọ̀.

"Ẹ gbé e kúrò. Ẹ bá mi gbé ti kékeré yẹn wá."

Ti kékeré náà kò jọ nǹkan lóòótọ́. Inú páálí ni ó wà, kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì pani lára. Ṣùgbọ́n iná tiwa ni iná rẹ̀, òkúta rẹ̀ méjèèjì dún kedere, ìbòrí wọn pé, pẹpẹ tí a ń gbé irin lé kò sì mì. Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ jẹ́ kó sinmi. Ìdajì wákàtí! Títílayọ̀ kò lè lò tó bẹ́ẹ̀ lóòjọ́.

"Ìyá Ayọ̀, ohun ìṣeré ọmọdé lo fẹ́ rà yìí," Jídé wí lójú olùtajà.

Àhmádù náà rẹ́rìn-ín. "Mọ́dáàmù, ọ̀rọ̀ Alhaji ni kí ẹ gbọ́."

Títílayọ̀ kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ ó lò ó?"

Jídé ní rárá.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lò?"

Jídé wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Títílayọ̀ fi àáké kọ́rí, ó ra èyí tó wù ú. Títí wọ́n fi délé, ohun tí Jídé ń tẹnu mọ́ ni pé ó dójú ti òun lójú ará ọjà. Ìwọ Jídé, ta ló dójú ti ta?

Oṣù méjì ni Títílayọ̀ fi jayé. Ó de ẹ̀rọ náà mọ́ tábìlì, ó gbé abọ́ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á fi ṣísẹ́ẹ̀lì kan òkúta fẹ́rẹ́, á tì í bọ omi, á tún fi kàn án, nítorí ooru ni ọ̀tá irin. Bí ó bá ṣe ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á pa á, á nu ún, á da aṣọ bò ó. Kò tún gba Post Office kọjá lọ dúró ti wẹ́dà kankan mọ́.

Ìgbà tó ku ọjọ́ méjì kí Iléyá pé, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ara ìyá rẹ̀ kò yá, ó bá lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ọjọ́ kejì ni Àfáà Ìbráhímù wá. Ọmọ Ìlọrin gidi ni Àfáà, àgbà àdúgbò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú ilé tó kángun sí tiwọn. Kò sí Iléyá tí kì í gbé ẹran wá fún wọn, kò sì sí Kérésìmesì tí Títílayọ̀ kì í gbé ìrẹsì lọ fún ilé rẹ̀. Ọ̀bẹ méjì ni Àfáà mú dání. "Bàbá Ayọ̀, a gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ."

Ṣé ẹ mọ̀ pé gbólóhùn kúkurú kan ì bá parí ọ̀rọ̀ náà? "Ìyàwó mi ló ni ín, ẹ jẹ́ kó dé." Ẹnu Jídé kò gbà á láti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń gbé Ìlọrin tí yóò kọ ọ̀bẹ Iléyá sí aládùúgbò rẹ̀ lọ́rùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n Jídé kò dúró sórí méjì yẹn. Ó ní kí àwọn yòókù náà máa gbé tiwọn bọ̀! Wọ́n gbé ọ̀bẹ wá, wọ́n gbé àdá wá, ẹnìkan tilẹ̀ gbé àáké wá. Láti ìgbà tí wọ́n kírun àìlá ọ̀sán tán títí di mọ̀gàríbì ìrọ̀lẹ́ ni ó fi ń pọ́n irin tí iná ń ṣẹ́ yọ pàràpàrà, tí gbogbo èèyàn ń kí i kú iṣẹ́. Iná kò sì lọ lọ́jọ́ náà, èyí tó máa ń lọ lójoojúmọ́.

Ara ìyá Títílayọ̀ ti fúyẹ́, ó sì padà dé lálẹ́ ọjọ́ náà; òórùn ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó rìn tààrà lọ sẹ́yìn ilé, ó ṣí aṣọ, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó sì gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ padà. Kọ́ìlì rẹ̀, wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, ti jóná. Òkúta ti jẹ gbágungbàgun. Abọ́ omi gbẹ, wọ́n dojú rẹ̀ dé sí ìsàlẹ̀ tábìlì.

"Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni, Ìyá Ayọ̀," Jídé wí lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi ṣáà ti sọ fún ọ nígbà náà pé ká ra ńlá. Ká ní ńlá ni, kì bá tí jóná."

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí! Títílayọ̀ na ìka sí ẹ̀rọ náà. "Ẹ ò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ ò ní ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ wá jó o tán, ẹ ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rà?"

"Ìbínú kò da nǹkan fún ni. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ta ni ìyá rẹ̀? Ìyá rẹ̀ rìnrìn-àjò, wọ́n sì ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀!"

Ó da aṣọ padà bo ẹ̀rọ náà, ó wọlé lọ sùn.

Ní ọjọ́ Iléyá, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yídì, ibi tí wọ́n ti ń kírun Iléyá, dé ni, tí Àfáà Ìbráhímù fi dé ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn àti ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ le. Ọkùnrin mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé e, ọ̀bẹ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Bàbá Ayọ̀, ọ̀bẹ yìí mú lánàá, kò mú lónìí. Àgbò mi wà ní dídè nílẹ̀. Mo fi dán okùn wò, kò gé okùn. Ti Àúdù yìí, ọrùn ẹran ni wọ́n ti gbé e lé kí wọ́n tó mọ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ igbe rẹ̀? Ànábì ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa, kó má fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ tètè bá wa tún un pọ́n."

Lóòótọ́, igbe àgbò kan ń ti òdìkejì ọgbà wá. Títílayọ̀ kúnlẹ̀ kí Àfáà, ó gba ọ̀bẹ náà. Ẹnu ọ̀bẹ ti dúdú bí aró. Jídé ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta láìfi omi kàn án, ooru sì ti sọ irin di rírọ̀. Ìwọ̀nba irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tó kù létí rẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn jẹ lánàá pé ó mú. Títílayọ̀ mọ gbogbo èyí. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀, àwọn àgbà ń bá yín sọ̀rọ̀."

Igbe àgbò kò dákẹ́.

"Àfáà," Jídé wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀, "èmi kọ́ ni mo ni ẹ̀rọ náà. Ìyá Ayọ̀ ló ni ín. N kò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n lò. Mo ti jó ẹ̀rọ, mo sì ti ba ọ̀bẹ yín jẹ́."

Àfáà wo Jídé, ó wo Títílayọ̀. "Ìyá Ayọ̀, a kò mọ̀. Ẹ foríjì wá. Ṣé ohun kan wà tí ẹ lè bá wa ṣe sí i?"

"Jọ̀ọ́, Títí," Jídé wí. "Nítorí tèmi."

Títílayọ̀ wọlé. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ tí a ń fi ọwọ́ pọ́n ọ̀bẹ àti omi jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ibi tó jóná kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ Àúdù, kíákíá, láìgbójú sókè. Àwọn ọkùnrin márùn-ún dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Jídé bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó dá a lẹ́nu dúró.

"Ẹ má dúpẹ́. Kì í ṣe nítorí yín. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àgbò nìkan ni kò ṣẹ̀ mí."