Bàbá Tó Ń Gbá Ewé Létí

Bàbá onílé wa l'Ájégúnlẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tó ń gbá ewé létí. Ó gbin ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè l'Ápápá, ewé ẹ̀ ló fi ń bọ́ àgbò tó fẹ́ tà ní Iléyá. Láràárọ̀, á gbá ewé létí, á yí i padà, á wá kòkòrò lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó bá ní àmì yẹ́lò, á fà á tu, á dáná sun ún. Á ní, "Àrùn fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò ń kó ràn án ò gbóògùn!"

Nígbà tó lọ sílùú wọn, èmi ló ní kí n máa ṣọ́ oko. Èmi tí mo sá kúrò ní fọ́ọ̀mù tíríì, mo rí àmì yẹ́lò, mo ní ebi ló ń pa ewé, mo bu ajílẹ̀ sí i.

Ó dé, gbogbo oko ti di yẹ́lò.

"Kí làgbò mi máa jẹ báyìí, olódo?"

"Ẹ má bínú sà, ágíríìkì ni mo mọ̀ jù nílé ìwé."

Ó gbá mi létí, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu mi. Ó fa ẹ̀wà tu, ó fi nà mí títí ewé fi tán lára ẹ̀.

"Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì! Kòkòrò wà lára ẹ̀."

Mo bọ́ ọ, ó jù ú sínú iná tó ti dá láti fi sun oko. Ló bá di etí mi mú, ó yí i padà, ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kó má rí yẹ́lò kankan níbẹ̀.